Ẹni Tó Ń Tún Ìrìn Àjò Tò ní Ìpatà

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú jákèjádò ayé máa ń pààrọ̀ àkókò ìrìn wọn lọ́jọ́ kan náà: Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Mááṣì àti Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Ọ̀kìtóbà. Sáà ooru ló ń bẹ̀rẹ̀ ní ti Mááṣì, sáà òtútù ló ń bẹ̀rẹ̀ ní ti Ọ̀kìtóbà. Lọ́dún 2025, ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀kìtóbà ló bọ́ sí. Ẹni tí kò rìn jìnnà lásìkò náà kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ńkọ́, tó máa gbéra kí ọjọ́ yẹn tó pé, tí yóò sì padà lẹ́yìn rẹ̀? Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú sáà ooru, èkejì wà nínú sáà òtútù. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ló ń gbé fóònù rẹ̀ lọ bá ẹ̀jẹ́ńtì, tó sì ń sọ pé, "Ẹ bá mi wò ó, wọ́n ní àwọn ti yí i padà."

Ìyípadà náà ní ìdí. Ó máa ń tó oṣù mọ́kànlá ṣáájú ìrìn àjò tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kò tíì mọ iye ọkọ̀ tí yóò ní lọ́wọ́, tí wọn kò sì tíì pín wákàtí ìbalẹ̀ àti ìgbéra fún sáà yẹn ní pápákọ̀ tí èrò pọ̀ sí bíi Heathrow. Wákàtí wọ̀nyí ṣọ̀wọ́n débi pé ilé-iṣẹ́ tí kò bá lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí wọ́n fún un lè pàdánù rẹ̀ nígbà tí irú sáà bẹ́ẹ̀ bá tún yí po. Torí náà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún èrò kò ju èrò ọkàn wọn lọ. Bí sáà bá ń súnmọ́lé, wọ́n á dín ọkọ̀ ojoojúmọ́ kù sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀, wọ́n á ti ọkọ̀ àárọ̀ sí òru.

Ti sáà nìkan kọ́. Nígbà tí ogun bẹ́ ní Sudan lọ́jọ́ 15 oṣù Épírì 2023, òfurufú ibẹ̀ di títì, ọkọ̀ tó ń ti Nàìjíríà lọ sí Saudi sì ní láti yí po, bẹ́ẹ̀ Háàjì ọdún náà ti wọlé dé tán. Nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún kan náà, àwọn ológun tó gbàjọba ní Niger ti òfurufú tiwọn, ọ̀nà Yúróòpù sí Èkó bá gùn sí i. Ṣáájú ìyẹn, ní 2022, Emirates dáwọ́ fífò wá sí Nàìjíríà dúró nítorí owó wọn tó há síbí, wọn kò sì padà títí di ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀kìtóbà 2024. Ilé-iṣẹ́ máa ń tọrọ gáfárà, wọ́n sì máa ń dá owó padà. Títún ìrìn àjò tò, ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ jókòó ṣe é.

Ọ̀kan lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nítòsí ọjà Ìpatà ní Ìlọrin. Ṣọ́ọ̀bù tóóró ni, tábìlì kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àga gbọọrọ kan fún àwọn tó ń dúró. Igbe ewúrẹ́ àti ohùn àwọn tó ń ná ẹran ń wọlé látojú fèrèsé. Àwọn èrò rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn lọ rìn bọ̀ lásán: ẹni tó ń lọ ṣe Úmúrà fẹ́ yà ra ọjà, ẹni tó ń lọ ra ọjà fẹ́ yà kí ọmọ. Ìlọrin ti mọ ọ̀nà Mẹ́kà kí bàálù tó dé. Ẹsẹ̀ ni àwọn àgbà fi ń rìn ín, gba ilẹ̀ Hausa, gba Borno, la Chad àti Sudan kọjá títí dé etí Òkun Pupa, àwọn mìíràn sì ń lo ọdún lójú ọ̀nà. Ẹni tí irú wọn bí, kò sí bí yóò ṣe ka ìlú mẹ́ta sí ìrìn tó pọ̀ jù.

Alhaja tí mo bá níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn iléyá ń ta aṣọ. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ kan sì ń dùn ún. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń lọ. Ètò wọn dára: láti Èkó sí Jíddà pẹ̀lú ìyípadà ọkọ̀ kan lójú ọ̀nà, Mẹ́kà, Mọdínà, kí wọ́n padà sí Jíddà, kí wọ́n wọkọ̀ lọ sí Istanbul láti ra aṣọ ní Laleli, kí wọ́n gba ibẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù níbi tí wọ́n ti fẹ́ so yìgì ọmọ ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n padà sí Èkó, kí wọ́n sì wọ bàálù kékeré wá sí Ìlọrin. Ìmeèlì kan ti dà á rú. Ọkọ̀ Jíddà sí Istanbul ti ọjọ́ Sátidé kò sí mọ́, wọ́n ti fi ti aago mẹ́ta òru Mọ́ńdè rọ́pò rẹ̀. Ti Istanbul sí Lọ́ńdọ̀nù ti sún. Ti ìpadàbọ̀ ti sún pẹ̀lú, tó fi jẹ́ pé ìṣẹ́jú 55 péré ló kù fún wọn láti bọ́ nínú ọkọ̀ kan wọ òmíràn.

Ìsàlẹ̀ ìmeèlì náà ni bọ́tìnnì ńlá kan wà tí wọ́n kọ "Mo gbà" sí. Àtàǹpàkò ọmọ Alhaja ti ń lọ síbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́," ni ẹ̀jẹ́ńtì wí. Kò pariwo, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ gba fóònù náà, ó dà á dojú dé sórí tábìlì.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé ó mọṣẹ́. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ló yẹ àdéhùn, ọwọ́ èrò ni agbára wà: ó lè béèrè ọkọ̀ mìíràn láìsan kọ́bọ̀, ó sì lè gba owó rẹ̀ bí ìyípadà náà bá le jù. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti kọ ọ́ sínú òfin. Ní Amẹ́ríkà, láti 2024, bí àkókò ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè bá fi wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹ̀, èrò lè kọ̀ ọ́ kó gba gbogbo owó rẹ̀. Ẹni tó bá ti tẹ "Mo gbà" ti so àdéhùn tuntun nìyẹn. Bó bá tún fẹ́ yí nǹkan kan padà lọ́la, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti yọ ọ́.

Ojú kọ̀ǹpútà tó ń lò kò ní àwòrán kankan. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀. Amadeus ni ètò náà ń jẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú mẹ́rin ní Yúróòpù ló para pọ̀ dá a sílẹ̀ ní 1987. Ó tẹ àmì mẹ́fà tó jẹ́ ti ìwé àyè Alhaja, àwọn ìlà rẹ̀ sì tò wálẹ̀. Ìlà tó bá ní HK lára, àyè ibẹ̀ dúró. Èyí tó bá ní UN, ọkọ̀ yẹn kò sí mọ́. TK ni èyí tí wọ́n fi rọ́pò. Ó fi bírò tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì, kò sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó fa bébà kan jáde.

"Alhaja, ọjọ́ wo ni yìgì?"

"Sátidé, ọjọ́ 8 oṣù Nòfẹ́ńbà."

"Òtẹ́ẹ̀lì Mẹ́kà ńkọ́, ṣé wọ́n lè dá owó yẹn padà?"

"Wọn ò lè dá a padà. A ti san án tán."

"Ṣé ẹnìkan ń dúró dè yín ní Istanbul?"

"Ta ni yóò máa dúró dè mí, ọmọ mi? Owó mi ni wọ́n ń dúró dè."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ yìgì àti Mẹ́kà sílẹ̀, ó fàlà sí wọn nídìí. Ó béèrè ọjọ́ tí físà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, ó kọ ìyẹn náà, ó sì fàlà sí i. Kò fàlà sí Istanbul. Ohun mìíràn tó bá wà lórí bébà náà lè sún. Èyí tí wọ́n fàlà sí nìkan ni kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ́ńtì ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọkọ̀ ti yí padà, wọ́n á máa wá ọkọ̀ tó jọ èyí tó lọ, wọ́n á sì máa fà á títí gbogbo rẹ̀ á fi ya. Ẹ wo alápatà tó mọṣẹ́ nínú ọjà tó wà níta yẹn: ọ̀bẹ rẹ̀ kì í bá eegun jà, oríkèé ló ń wá. Ọ̀gbẹ́ni yìí náà, oríkèé ìrìn àjò ló ń wá, ibi tí ìrìn kan ti kan òmíràn, nítorí ibẹ̀ ló ti ṣeé yà láìfọ́ nǹkan.

Ó rí ti àkọ́kọ́ kíá. Alhaja fẹ́ kírun Jímọ̀ ní Mọdínà, ibẹ̀ ni wọ́n á sì sùn di Sátidé. Kí ló dé tí wọ́n á tún fi padà sí Jíddà lọ dúró de ọkọ̀ òru Mọ́ńdè? Mọdínà ní pápákọ̀ tirẹ̀, ọkọ̀ sì ń ti ibẹ̀ lọ sí Istanbul. Wọ́n á balẹ̀ sí Jíddà, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin Haramain láti Mẹ́kà lọ sí Mọdínà, èyí tó ti ń gbérò láti 2018 tó sì ń sáré tó 300 kìlómítà ní wákàtí kan, wọ́n á sì gbéra ní Mọdínà lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n ti fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà má bàa rò pé èrò sọnù láàárín Jíddà àti Mọdínà, ó tẹ ìlà kan tó ní ARNK sáàárín wọn, èyí tó ń sọ pé orí ilẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Ìrìn tí ìyípadà yẹn fẹ́ fi ọjọ́ méjì gùn wá di èyí tó dín ní ìrìn kan.

Ó wá gbé fóònù, ó pe ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà ní Èkó. Mo fetí sí i dáadáa. Kò ráhùn, kò sì sọ ìtàn ọjọ́ orí Alhaja. Ó kí wọn, ó sọ nọ́ńbà ìwé àyè, ó ní ọkọ̀ tiyín kò sí mọ́, mo fẹ́ ti Mọdínà ọjọ́ báyìí, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí, mo ti rí àyè méjì nínú rẹ̀. Ẹni tó bá pè wọ́n láti ráhùn, gáfárà ni yóò gbà. Ẹni tó bá pè pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀ lọ́wọ́, àyè ni yóò gbà. Wọ́n fún un ní àmì àṣẹ kan tó fi hàn pé àwọn fọwọ́ sí ìyípadà láìgbowó. Ó kọ ọ́ sórí bébà, ó tún tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àyè, ó kọ ọjọ́ àti wákàtí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ibẹ̀ ni yóò ti dáhùn.

Ti Istanbul sí Lọ́ńdọ̀nù ní ihò tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà dábàá ọkọ̀ kan tí wákàtí rẹ̀ dára gan-an, ọmọ Alhaja sì ti ń mi orí. Ẹ̀jẹ́ńtì fi bírò kan lẹ́tà mẹ́ta: SAW. Pápákọ̀ méjì ni Istanbul ní, ìkan wà ní apá Yúróòpù, èkejì, Sabiha Gökçen, wà ní òdìkejì omi ní apá Éṣíà. Ẹrù aṣọ láti Laleli kò ní fẹ́ràn ìrìn yẹn. Kọ̀ǹpútà tún dábàá kí wọ́n gba Frankfurt. Ó kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó gbọ́dọ̀ ní físà ìrékọjá kí wọ́n tó lè jókòó lásán nínú pápákọ̀ Jámánì, àyàfi tí wọ́n bá ní àwọn ìwé kan, tíkẹ́ẹ̀tì kì í sì í sọ ìyẹn fún ènìyàn. Ó mú èyí tó ń balẹ̀ sí Heathrow nírọ̀lẹ́ Àlàrùbá. Ọmọ Alhaja ní ti Jímọ̀ ló máa jẹ́ kí àwọn ráyè rajà sí i. Ẹ̀jẹ́ńtì ní, "Bí ti Àlàrùbá bá já, ti Àlàmísì ṣì wà, ti Jímọ̀ ṣì wà. Bí ti Jímọ̀ bá já ńkọ́?" Alhaja dá a lóhùn fúnra rẹ̀: "Àlàrùbá ni."

Ìpadàbọ̀ ló gbà á lákòókò jù. Ìṣẹ́jú 55 tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìyípadà ọkọ̀ bófin mu. Gbogbo pápákọ̀ ló ní iye ìṣẹ́jú tó kéré jù tí kọ̀ǹpútà lè fi so ọkọ̀ méjì pọ̀, èyí sì kọjá iye yẹn díẹ̀. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kò rí orúnkún Alhaja. Àwọn tó ń lo àga onítáyà ló máa ń kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, àwọn náà ló sì máa ń sọ̀ kẹ́yìn. Bí 55 bá di 30, ìlẹ̀kùn ọkọ̀ kejì ti ń padé. Ọkọ̀ mìíràn wà lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ó fi díẹ̀ lé ní wákàtí 24 sí ìgbà tí wọ́n máa balẹ̀. Nínú òfin owó tíkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ òkèèrè, èrò tó bá kọjá wákàtí 24 ní ibì kan ti yà síbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé ó ń kọjá lọ mọ́, owó sì lè gun orí owó.

Ó fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó tẹ ọjọ́ Sọ́ńdè, ó wò ó, ó gbọn orí. Ó tẹ Mọ́ńdè. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè nínú sáà òtútù, ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ń tètè gbéra ní àárọ̀ ju ti ọjọ́ yòókù lọ, wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀ sì wà láàárín òun àti ti Èkó. Ó wo bébà rẹ̀. Kò sí ohun tó fàlà sí ní Ìlọrin ní ọ̀sẹ̀ yẹn. "Alhaja, ẹ ó fi ọjọ́ méjì gbé ọmọ ọmọ yín sí i." Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Ó ku bàálù kékeré ti Èkó sí Ìlọrin, tí wọ́n ti ti wákàtí tirẹ̀ sí òwúrọ̀, kí Alhaja tó balẹ̀ rárá. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni. Bí ọkọ̀ ńlá bá pẹ́, kò kan ilé-iṣẹ́ bàálù kékeré, bí bàálù kékeré bá fagi lé ìrìn rẹ̀, kò kan ti ọkọ̀ ńlá. Nítorí náà, ó sọ wọ́n sí Agége fún alẹ́ kan lọ́dọ̀ ẹbí, ó sì sún bàálù náà sí ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ní àlọ pẹ̀lú, ọjọ́ kan gbáko wà láàárín ìgbà tí wọ́n kúrò ní Ìlọrin àti ìgbà tí wọ́n máa gbéra ní Èkó. Ó ní bí kò bá sí bàálù rárá, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì wà.

Ọ̀pọ̀ yóò ti tì í síbẹ̀, nítorí pé gbogbo ìlà ti ń fi HK hàn. Òun kò tì í. Ìwé àyè àti tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ̀kan náà: àyè lè ti yí padà kí tíkẹ́ẹ̀tì ṣì máa sọ ti àtijọ́, ojú káńtà ní pápákọ̀ sì ni èrò yóò ti gbọ́. Nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti bébà, ẹ̀jẹ́ńtì máa ń lẹ bébà pélébé kan tí wọ́n kọ àkókò tuntun sí mọ́ orí èyí tó yí padà, ojú lásán sì rí i. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Júùnù 2008 tí IATA, àjọ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ti fòpin sí tíkẹ́ẹ̀tì bébà, kò sí ohun tó ń lẹ̀ mọ́. Ó tún tíkẹ́ẹ̀tì náà tẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́fà ni ìrìn náà ní, tíkẹ́ẹ̀tì kan kì í gbà ju mẹ́rin lọ, nítorí náà nọ́ńbà oníka 13 méjì tó tẹ̀lé ara wọn ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gbà. Ó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ọjọ́, ó wo ọkọ̀, ó wo ìwọ̀n ẹrù.

Ó padà síbi ìbéèrè fún àga onítáyà tí wọ́n ti ṣe fún Alhaja. Ìbéèrè náà ṣì wà lára ọkọ̀ àlọ méjèèjì. Kò sí lára mẹ́rin tó yí padà. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí: bí ọkọ̀ bá yí padà, ohun tí wọ́n ti béèrè sára rẹ̀ sábà máa ń já bọ́, ìmeèlì kò sì ní sọ ọ́. Ó tún un béèrè lẹ́ẹ̀mẹrin. WCHR ló tẹ̀, fún ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè rìn jìnnà. Ó tẹ MOML fún oúnjẹ Mùsùlùmí. Ìgbà náà ló tó tẹ̀wé jáde, ó sì fi bírò kọ aago Nàìjíríà sí ẹ̀gbẹ́ aago ìlú kọ̀ọ̀kan, nítorí pé Lọ́ńdọ̀nù á ti dá aago tiwọn padà ní wákàtí kan nígbà náà, àwọn ará ilé kò sì ní mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pè.

Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, ẹnu gbogbo wa ló ń sọ ọ́. Ẹ̀rí rẹ̀ tó wú mi lórí jù lọ́jọ́ náà wáyé nígbà tí iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọmọ Alhaja rí i lórí kọ̀ǹpútà pé ọkọ̀ kan wà láti Èkó sí Jíddà tó yá ju èyí tí wọ́n mú lọ. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ń yí i padà lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n kúkú yí ìyẹn náà. Ẹ̀jẹ́ńtì ní rárá. Ìdajì àlọ bọ́ sínú sáà ooru, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó bá òtẹ́ẹ̀lì Mẹ́kà mu, ó bá físà mu. Bí ó bá ṣí i, ó di pé òun ló fẹ́ ẹ, kì í ṣe ilé-iṣẹ́, wọ́n á sì tún gbogbo owó náà ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ìlà méjèèjì náà lójú kọ̀ǹpútà bí ó ti ń ṣàlàyé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ohun tí oníṣẹ́ ṣe díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹ̀jẹ́ńtì tó yẹ kó gbé pásípọ́ọ̀tù ìyá rẹ̀ lé lọ́wọ́, kó bi í léèrè ohun tó fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn, àti ìdí tó fi fi í sílẹ̀. Bí ó bá lè dáhùn láìwo kọ̀ǹpútà, kó san owó iṣẹ́ tó bá pè.